Owó ẹyọ: ṣé tiwa ni, àbí ti ará Íńdíà?

Ìyá_Alátẹ (ọjọ́ Ẹtì, aago 7:42 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi díẹ̀, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní JSS 3 lọ ṣojú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbi ìdíje ìmọ̀ gbogboogbò lánàá. Ìtàn ayé àti ìtàn Íńdíà ló bọ́ sí ọ̀wọ́ tirẹ̀. Wọ́n ní ta ló kọ́ Taj Mahal, ó ní Shah Jahan. Wọ́n ní ọdún wo ni Íńdíà gba òmìnira, ó ní 1947. Ó ń dáhùn bí ẹni tó ń ka ABD. Nígbà tó ku ìbéèrè kan ṣoṣo, wọ́n ní: owó ẹyọ tí wọ́n ń ná ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, inú òkun ibo ni wọ́n ti ń kó o? Ọmọ mi ní òkun Èkó. Wọ́n lu agogo. Wọ́n ní Maldives ni, nísàlẹ̀ Íńdíà. Bó ṣe di ipò kejì nìyẹn.

Ìyá tó bí ìyá mi ní igbá ẹyọ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ẹyọ la fi ń bọ Ajé, òun la fi ń pàrokò, òun ni wọ́n ń tò sára ẹ̀wù ère ìbejì. Báwo ló ṣe wá di ọjà òkèèrè? Ṣé kí n lọ bá wọn fà á ni, àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́?

Jagunlabí_01 (7:50)

Ẹ lọ bá wọn, ìyá! Gbogbo ohun tó bá ti dára lọ́wọ́ wa, wọ́n á ní ibòmíràn ló ti wá. Tó bá yá, wọ́n á ní ará Íńdíà ló kọ́ wa ní iyán gígún. Òkun wà ní Èkó, ó wà ní Bàdágìrì, ó wà ní Ouidah. Ṣé òkun tiwa yàgàn ni?

Tísà_Ìtàn (8:21)

Ìyá Alátẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Àwọn ló jàre.

Jagunlabí, òkun wa kò yàgàn, irú èyí ni kì í bí. Ẹyọ ìnáwó jẹ́ ìgbín òkun kékeré kan tó fẹ́ràn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì fẹ́ràn àpáta iyùn. Òkun Íńdíà àti Pacific ló ń gbé, kò sí ní apá Atlantic tiwa yìí. Ibi tó pọ̀ sí jù láyé ni Maldives, àwọn erékùṣù pẹlẹbẹ tó lé ní 1,000. Ọmọ Faransé kan, Pyrard de Laval, tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1602, sọ bí wọ́n ṣe ń kó o: àwọn obìnrin a wọ inú òkun títí omi á fi mù wọ́n dé ìdí, nígbà tí oṣù bá lé àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, wọ́n a máa ṣa á. Wọ́n á wá bò ó mọ́ inú yanrìn títí ẹran inú rẹ̀ á fi jẹrà, tí karawun funfun nìkan á kù. Ọkùnrin yìí ní òun fojú ara òun rí ọkọ̀ 30 tàbí 40 tí wọn ò kó nǹkan mìíràn ju ẹyọ lọ. Ibi kan náà ni gbogbo wọn ń lọ: Bengal, ní ìlà oòrùn Íńdíà.

Ibẹ̀ ni Íńdíà ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Maldives ló ń kó o, Bengal ló ń ná an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 5 ni Faxian, ẹlẹ́sìn Búdà láti Ṣáínà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyọ ni àwọn ará Íńdíà fi ń rà tí wọ́n fi ń tà. Ní Ṣáínà gan-an, wọ́n ti ń kó ẹyọ sin ọlọ́lá kí wọ́n tó bí Jésù. Ìgbà tí wọ́n hú ibojì olorì Fu Hao ní Anyang lọ́dún 1976, ẹyọ tí wọ́n bá nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 7,000, olorì ọ̀hún sì ti kú láti bí 3,200 ọdún.

Jagunlabí_01 (8:29)

Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló rí i? Ta ló dúró sí Maldives tó rí ẹyọ, tó tún wá dúró sí ilẹ̀ adúláwọ̀ níbí tó rí ẹyọ kan náà?

Tísà_Ìtàn (8:46)

O béèrè dáadáa, àbúrò. Ẹni kan wà. Ibn Battuta ni, arìnrìn-àjò ará Morocco.

Ó ṣe adájọ́ ní Maldives láàárín 1343 sí 1344. Ó kọ ọ́ pé 400,000 ẹyọ ni wọ́n ń gbà fún dínárì wúrà kan níbẹ̀, nígbà mìíràn kódà ó máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní àwọn ará erékùṣù náà máa ń fi ẹyọ ra ìrẹsì lọ́wọ́ ará Bengal, àti pé àwọn ará Yemen a máa dà á sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wọn dípò yanrìn, kí ọkọ̀ má baà máa fì. Kò ju bí ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀ lọ tó fi rìn gba aṣálẹ̀ Sàhárà dé Mali àti Gao létí Odò Ọya. Ó bá ẹyọ lọ́jà. Èló? 1,150 fún dínárì wúrà kan.

Ẹ fi wé ara wọn. 400,000 níbẹ̀, 1,150 níbí. Èrè tó ju ìlọ́po 300 lọ ló wà nínú ìgbín òkun.

Oníṣirò (9:03)

Ìlọ́po 347 àti díẹ̀. Mo ti ṣe é.

Lójú tèmi, ẹyọ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ yìí mọ́. Ó ti wọ inú bí a ṣe ń kà. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Okùn àádọ́ta jẹ́ ẹgbàá, òun ni wọ́n ń pè ní orí kan. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò kan, 20,000. Kí ló dé tí wọ́n fi dúró níbẹ̀? Nítorí pé 20,000 ẹyọ kéékèèké lé ní kílò 20, òun sì ni ẹrù tí alárùú kan lè gbé rìn ọ̀nà jíjìn.

Ẹ tún wò ó: nígbà tí rédíò bá ní "àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà", mílíọ̀nù kan ni wọ́n ń sọ, àádọ́ta àpò ẹyọ. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba ìpínlẹ̀ yín, àpò ẹyọ ni wọ́n ṣì fi ń kà á. 😄

Àgbà_Òṣogbo (9:15)

Ọmọ mi Oníṣirò, o káre. Mo fi kún un: àwọn tó ń ka owó nígbà yẹn, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fọwọ́ wọ́ ọ láti orí ẹní. Wọ́n á wọ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di ogún. Mo rí ìyá bàbá mi tó ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ìsinsìnyí lọ.

Àrokò tí Ìyá Alátẹ sọ náà, inú ìkà ẹyọ yìí ló ti wá. Bí mo bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ọkàn mi fà sí ọ nìyẹn. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni: èmi pẹ̀lú rẹ jọ ara wa. Bí mo bá di méjì pọ̀ tí wọ́n kẹ̀yìn síra, má wulẹ̀ wá sílé mi.

Ọ̀dọ́_Akẹ́kọ̀ọ́ (9:20)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ni mò ń múra sílẹ̀ fún, ìbéèrè kan sì ń dà mí láàmú nínú ìtàn Íńdíà: ogun wo ló fi Íńdíà lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, Plassey 1757 àbí Buxar 1764? Ìwé méjì, ìdáhùn méjì.

Alábòójútó (9:24)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹyọ. Ẹ ṣí ojú-ewé mìíràn fún ti ogun.

Tísà_Ìtàn (9:52)

Alábòójútó, ẹ fún mi láàyè díẹ̀, wọ́n so pọ̀.

Ọ̀dọ́, ìwé méjèèjì kò parọ́. Ní Plassey, ọjọ́ 23 oṣù Òkúdù 1757, Robert Clive, ọ̀gágun East India Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, ní bí 3,000 ọmọ ogun, Siraj ud-Daulah, Nawab (alákòóso) Bengal, sì ní nǹkan bí 50,000. Ṣùgbọ́n Clive ti bá Mir Jafar, ọ̀gágun Nawab, sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ogun gbóná, Mir Jafar dúró bí òpó. Òjò tún rọ̀, ètù ìbọn Nawab rin gbingbin, àwọn ará Clive ti fi tapólì bo tiwọn. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ parí. Ọ̀tẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Buxar ni ogun gidi. Ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀wàrà 1764 ni Hector Munro, ọ̀gágun Company, ṣẹ́gun àwọn mẹ́ta papọ̀: Mir Qasim, Nawab Awadh, àti Shah Alam Kejì, ọba ńlá Mughal fúnra rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1765, Shah Alam fi ìwé lé ilé iṣẹ́ East India Company lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa gba owó orí ní Bengal, Bihar àti Orissa. Bí wọ́n bá ní kí o mú ọ̀kan, wo bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀. "Ìbẹ̀rẹ̀" ni wọ́n wí? Plassey. "Ta ló di ẹni tó ń gba owó orí?" Buxar ló bí ìyẹn.

Báyìí, ibi tó kan ẹyọ. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ti wá di agbowó orí. Kí wá ni tálákà Bengal fi ń san owó orí? Ní Sylhet, tó wà ní Bangladesh lónìí, lókè níbi òkè àti omi ti pàdé, kò sí fàdákà, ẹyọ ni. Robert Lindsay tí wọ́n fi ṣe olórí níbẹ̀ lọ́dún 1778 bá owó orí tó tó 250,000 rúpì, ẹyọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹyọ 5,120 sì ni rúpì kan. Ó ní láti kọ́ ilé ìkẹ́rù fún un, kó wá máa kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́dọọdún lọ sí Dhaka fún títà. Ó ṣàròyé pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ń ṣòfò dànù, láìka èyí tí wọ́n ń jí lójú omi.

Oníṣirò (9:58)

Ẹ dúró. 5,120? Iye tó ṣe kọ́lọkọ̀lọ báyìí, báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀?

Tísà_Ìtàn (10:04)

Mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń kà. Ẹyọ 4 jẹ́ ganda kan. Ganda 20 jẹ́ pan. Pan 16 jẹ́ kahan. Kahan 4, rúpì kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,120. Àwa ń fi márùn-ún wọ́ ọ, àwọn ń fi mẹ́rin wọ́ ọ.

Ará_Peckham (10:31)

Háà! Sylhet kẹ̀? Whitechapel ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ará Bangladesh tó wà ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù níbí, ará Sylhet ni wọ́n. Bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ẹja lójú pópó wa, mo máa ń ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi àwòrán ẹyọ hàn án lórí fóònù nísinsìnyí, mo ní kí lẹ ń pe èyí? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní "kori". Ó ní títí di òní, tí àwọn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ owó lápapọ̀, "taka-kori" làwọn ń wí: owó bébà pẹ̀lú ẹyọ, bẹ́ẹ̀ bàbá náà ò ná ẹyọ rí láyé rẹ̀.

Ó bi mí pé ta ló fi ẹyọ hàn mí. Mo ní ìyá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń purọ́.

Àgbà_Òṣogbo (10:40)

Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ bi ará Ghana ohun tí "cedi" túmọ̀ sí. Ẹyọ ni, lédè Akan.

Tísà_Ìtàn (10:44)

Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, "cowrie", "kauri" èdè Híńdì ni wọ́n fi ṣe é. Bí ará Íńdíà bá sì fẹ́ fojú tín-ín-rín ènìyàn, á ní ẹyọ méjì ni iye rẹ̀.

Ọmọ_Kétu (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:12 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Láti apá Benin ni mo ti ń kọ èyí. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lálẹ́ àná, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ìtàn tí wọ́n pa fún wa lápá ibí yìí kò ní ẹ̀rín nínú.

Àwọn àgbà wa sọ pé òkun ni wọ́n ti ń pẹja ẹyọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ìjẹ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n bá rà á lẹ́rú, wọ́n á dè wọ́n mókùn, wọ́n á jù wọ́n sómi, ẹyọ á wá máa rọ̀ mọ́ ara òkú. Wọ́n á fà á sókè, wọ́n á ṣa ẹyọ kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ń pa ìtàn yìí ní Benin, wọ́n ń pa á ní Togo. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, mi ò lè fọwọ́ kan ẹyọ.

Jagunlabí_01 (7:05)

Jésù. 

Tísà_Ìtàn (8:37)

Ọmọ Kétu, mo dúpẹ́ pé o mú u wá. Mo ti ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti àná.

Bí a bá ní ká wo ìwà ìgbín náà, irọ́ ni. Ewédò ojú àpáta ló ń jẹ. Ibi tí wọ́n ti ń kó o sì jìnnà sí Ouidah púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sí etíkun yẹn rí ohun méjì péré: ènìyàn ń wọ inú òkun lọ, ẹyọ ń ti inú òkun jáde. Kí ló tún fẹ́ rò?

Àwọn Potogí ló kọ́kọ́ ń fi ọkọ̀ kó o dé etíkun wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16. Lẹ́yìn wọn ni Hóláńdì àti Gẹ̀ẹ́sì. Hóláńdì ń kó tirẹ̀ gba Ceylon (Sri Lanka òde òní), Gẹ̀ẹ́sì ń ra tirẹ̀ ní Balasore létíkun Orissa. Bí ará Yemen ayé Ibn Battuta ṣe ń ṣe náà ni wọ́n ṣe: ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń dà á sí, kí ata, síliìkì àti aṣọ òwú wà lókè. Owó ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Amsterdam àti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń lu ú ní gbàǹjo, àwọn tó ń lọ ra ẹrú ló ń rà á. Nínú gbogbo etíkun Áfíríkà, tiwa yìí, láti Ouidah dé Èkó, ló fẹ́ ẹyọ jù. Mú aṣọ wá, mú ìbọn wá, mú ọtí wá, bí o kò bá ní ẹyọ, ọjà rẹ kò lè pé. Àwọn onímọ̀ tó ṣí ìwé ọkọ̀ Hóláńdì àti Gẹ̀ẹ́sì wò láti 1700 dé 1790 rí i pé ẹyọ tí wọ́n kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lé ní bílíọ̀nù 10.

Ìdí nìyí tí Dahomey fi gba Ouidah lọ́dún 1727. Ẹni tó bá di ẹnu ibodè yẹn mú ló di àpò ẹyọ mú.

Awo_Diloggún (9:20)

Mo fẹ́ fi gbólóhùn kan kún un. Àwọn tí wọ́n fi ẹyọ rà yẹn, nígbà tí wọ́n dé Kúbà àti Brazil, ẹyọ ni wọ́n tún fi ń béèrè ohun tí ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀. Ẹẹ́rìndínlógún wa ni Kúbà ń pè ní diloggún. Brazil ń dà á títí di òní. Owó tí wọ́n fi rà wọ́n ni wọ́n fi ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń ronú lórí ìyẹn.

Jagunlabí_01 (9:41)

Ó dáa. Mo gbà pé kì í ṣe òkun Èkó. Mo fa ọ̀rọ̀ mi padà.

Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, ìbínú náà yàtọ̀ ni. Tí ẹyọ bá níye lórí tó báyìí, báwo ló ṣe di asán? Ìyá àgbà mi ní bàbá tirẹ̀ ní ẹyọ kún kòkò méje. Ó kú ní òtòṣì. Kò sí ẹni tó jà á lólè.

Àgbà_Òṣogbo (10:18)

Wọ́n jà á lólè o, ọmọ mi. Kò mọ̀ ni.

Ohun tó mú kí ẹyọ jẹ́ owó ni pé kò sí ẹni tó lè rọ ọ́. Bàbà, àgbẹ̀dẹ lè rọ ayédèrú rẹ̀. Ẹyọ, ta ló fẹ́ rọ karawun ìgbín? Kò ń jẹrà, kòkòrò ò jẹ ẹ́, iná ilé jó o kò jóná bí aṣọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Maldives nìkan ló ń mú u wá, ó sì jìnnà, nítorí náà kò lè pọ̀ jù.

Ìgbà tí epo pupa wá gba ipò ẹrú, àwọn oníṣòwò Hamburg kan, Hertz àti O'Swald, wo òkun Zanzibar ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n rí i pé ẹyọ mìíràn wà níbẹ̀, mọ̀lẹ́bí ti Maldives ni, ó tóbi jù ú lọ díẹ̀, ó sì pọ̀ bí erùpẹ̀. Nǹkan bí 1845 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó o wá. Régis ti Faransé náà ṣe é. Wọ́n rà á ní ẹ̀dínwó ẹ̀dínwó, wọ́n fi ń ra epo wa ní Ouidah, ní Bàdágìrì, ní Èkó. Àwọn ará Èkó kọ́kọ́ ń yọ ọ́ sọ́tọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbà á.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹyọ kún ọjà, ohun tí okùn kan ń rà tẹ́lẹ̀ di ti okùn márùn-ún. Ẹrù owó wá wúwo ju ẹrù ọjà lọ: ènìyàn á ta agbọ̀n iṣu, á nílò alárùú méjì láti gbé owó rẹ̀ relé. Gẹ̀ẹ́sì wá gba Èkó lọ́dún 1861, wọ́n mú sílè àti tọ́rọ́ wá, owó orí dé, owó orí kì í gba ẹyọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n fòfin de kíkó ẹyọ wọ ìlú. Kòkò méje bàbá yẹn ṣì kún. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe owó mọ́.

Ọ̀dọ́_Akẹ́kọ̀ọ́ (10:25)

Bàbá, ṣé Íńdíà náà rí báyìí, àbí àwa nìkan ni wọ́n ṣe é fún?

Tísà_Ìtàn (11:10)

Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ìdí tí mo fi sọ pé ẹ má bá àwọn olùṣètò ìdíje yẹn jà nìyí.

Odisha, Orissa ayé ìgbà náà, ẹyọ ni wọ́n ń ná láti ayébáyé. East India Company gba ibẹ̀ lọ́dún 1803. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní owó orí ilẹ̀ kò ní jẹ́ ẹyọ mọ́, kó jẹ́ rúpì fàdákà. Ibo ni àgbẹ̀ á ti rí fàdákà? Lọ́wọ́ olówó èlé. Ó ń kó ẹyọ lọ, olówó èlé ń fi iye tó wù ú gbà á. Wọ́n tún gbẹ́sẹ̀ lé iyọ̀ sísè létíkun, kí Company nìkan máa tà á, iyọ̀ di ọ̀wọ́n. Wọ́n wá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Paik. Paik ni ẹ̀ṣọ́ ọba Khurda: ilẹ̀ ni ọba fún wọn dípò owó oṣù, wọ́n á máa ro ó, tí ogun bá dé wọ́n á mú idà. Ọ̀gá ogun wọn, Bakshi Jagabandhu, pàdánù ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn akọ̀wé.

Oṣù Ẹrẹ́nà 1817, bí 400 ará Kandha sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ghumsur, àwọn Paik dára pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n sun ilé ìjọba ní Khurda, wọ́n kó ilé ìṣúra, wọ́n wọ Puri, ìlú tẹ́ńpìlì Jagannath. Company kó ọmọ ogun wá, wọ́n paná rẹ̀. Jagabandhu wọ igbó lọ, ọdún 1825 ló tó jáde wá, wọ́n fi í sí Cuttack títí ó fi kú lọ́dún 1829. Ọ̀pọ̀ ará Odisha ń wí pé ìyẹn gan-an ni ogun òmìnira àkọ́kọ́, 40 ọdún kí ọ̀tẹ̀ ńlá 1857 tí gbogbo ìwé ń pariwo rẹ̀ tó dé. Èmi ò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ìdíje tí mo rí tó béèrè 1817. 1857 ni ṣáá.

Jagunlabí_01 (11:22)

Wọ́n jà nítorí ẹyọ. Àwa ò jà.

Àgbà_Òṣogbo (11:30)

Jagunlabí, rọra. Wọn ò jà nítorí ẹyọ nìkan, Tísà ti ka ìyókù fún ọ. Ní tiwa, ẹyọ kú díẹ̀díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà wá lọ́tùn-ún lósì. Ta ni ì bá dojú ìjà kọ?

Oníṣọ̀nà_Ẹyọ (11:34)

Ẹ kú ìtàn. Mò ń ta ẹyọ tuntun fún irun dídì àti ṣíṣe bíìdì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi

Alábòójútó (11:36)

Ìpolówó ọjà kò gbọdọ̀ wọ ibí. Ẹ lọ sí abala ọjà.

Ará_Peckham (11:50)

Ìbéèrè kan péré, Bàbá Òṣogbo: báwo lèèyàn ṣe ń mọ ti Maldives yàtọ̀ sí ti Zanzibar?

Àgbà_Òṣogbo (12:02)

Ti Maldives kéré, ó rí bẹ́ẹ̀ ṣá bẹ́ẹ̀ ṣá, etí rẹ̀ ní kókó kókó bí ẹni tí ara rẹ̀ wú. Ti Zanzibar tóbi jù ú, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, òrùka kan tó pọ́n bí ọsàn yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ìṣòro ni: àwọn baba wa máa ń fọ́ ẹ̀yìn ẹyọ kí wọ́n lè gún un mókùn. Ibi tí òrùka wà gan-an ni wọ́n fọ́ dànù.

Ìyá_Alátẹ (ọjọ́ Àìkú, 4:55 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Mi ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Èmi àti ọmọ mi lọ sílé ìyá àgbà, a wọ́ igbá náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Okùn rẹ̀ ti jẹrà, gbogbo ẹyọ ti túká sínú igbá pẹ̀lú ekuru. Bí Bàbá Òṣogbo ṣe wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n ti fọ́ lẹ́yìn. Mẹ́ta péré ló ṣì pé. Méjì ní òrùka bí ọsàn. Ẹ̀kẹta kéré, ó rí kókó kókó létí.

Ọmọ mi mú ẹ̀kẹta yẹn, ó ń yí i lọ́wọ́, ó ní "Màámi, èyí ló dé láti Maldives." Màmá ò mọ ohun tó ń jẹ́ Maldives. Màmá ní kí a kà á. A kà á ní márùn-ún márùn-ún bí bàbá ṣe sọ, ọmọ mi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó jẹ́ 1,640.

Màmá ní irọ́ ni. Ó ní ẹgbàá kan géérégé ni ìyá òun fún òun nígbà tí òun ń lọ sílé ọkọ. Ó fi ìka ṣírò rẹ̀, ó ní okùn mẹ́sàn-án ló dín. Ó ti ń pe gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ lórí fóònù láti ìgbà yẹn, ó ń bi wọ́n pé ta ló jí owó òun.